Ọjọ́ Tí Mo Gbá Nóà Létí

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí. N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ìjọ wa ní Calgary ṣe eré Nóà, eré Bíbélì tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe láyé àtijọ́.

Ọkọ mi ni Nóà. Èmi ni ìyàwó tí kò fẹ́ wọkọ̀, tó sì máa gbá Nóà létí. Àmọ́ ìyá ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, jókòó níwájú. Ta ló máa gbá ọmọ lójú ìyá rẹ̀? Mo kúnlẹ̀. Eré fẹ́ bàjẹ́.

Màmá bá dìde: “Gbá a jàre, ìyàwó mi! Èmi tí mo bí i ló ní kí o gbá a!”

Mo gbá a. Màmá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ó rí ẹni dìde gbèjà yín.