Àwọn Ọmọ Tí Àlejò Kò Gbọdọ̀ Rí

Ẹni tó bá ń wá Nọ́ọ̀sì nínú ilé ẹ̀kọ́ náà, kó má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Imú rẹ̀ ni yóò mú un débẹ̀. Àárín ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọkùnrin àti yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí ni wọ́n fún un, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́, àti òṣùwọ̀n onírin kan tí èèyàn ń dúró lé. Òṣùwọ̀n yẹn ló mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa pè é ní Ìyá Òṣùwọ̀n lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bá wọn jà sí i. Nínú bí ẹgbẹ̀rún ọmọ tó wà níbẹ̀, bí ó bá ti rí bàtà lábẹ́ kọ́tìnnì, á ti pe orúkọ ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Ohun tó máa ń kó obìnrin yìí nírìíra jù láyé ni kí àgbàlagbà máa ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kó tún máa rẹ́rìn-ín sí i. Ó sì ń rí i lójoojúmọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá á gun àtẹ̀gùn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru débi pé Nọ́ọ̀sì rò pé ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́, ó tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Pápá tí àwọn ọmọ ń sáré lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá àgbà ti da kọnkéré sí i, mọ́tò ló ń sùn síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà, ìyàwó ọ̀gá àgbà ló ni ín: ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bisikíìtì oníṣúgà, súìtì. Omi ò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o, omi! Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà títí ọwọ́ fi ń ro ó, ọ̀gá àgbà á ní òun ti rí i, ó tán. Ikùn ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ kò tilẹ̀ mú rárá.

Ìgbà tó yá ni àjọ ètò ẹ̀kọ́ gbé ètò kan dé. Wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wọn àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n ran àwọn tó sanra jù lọ́wọ́, lẹ́yìn sáà ẹ̀kọ́ méjì àwọn á wá wò ó. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ṣe dáadáa jù máa gba àmì ẹ̀yẹ, àwòrán ọ̀gá ibẹ̀ á sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwòrán! Ọ̀rọ̀ yẹn ló jí ọ̀gá àgbà lójú oorun. Lọ́jọ́ kejì ló pe Nọ́ọ̀sì, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíá.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pè wọ́n wọlé, á fa kọ́tìnnì, á sì sọ fún olúkúlùkù pé, "Ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ, èmi, ìwọ àti àwọn òbí ẹ nìkan ló máa mọ̀ ọ́n." Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Kò bú wọn, kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá àwọn ìyá wọn sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń jẹ nílé, ó sì ní kí àwọn ọmọ máa wá pàdé òun láàárọ̀ kí agogo tó lù, kí àwọn jọ máa rìn yí ògiri ọgbà ká. Mẹ́jọ ló kọ́kọ́ yọjú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n di ogún.

Ọmọ télọ̀ kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìyá rẹ̀ ló ń ránṣọ. Tírélà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bó bá ń bọ̀, wọ́n á fara mọ́ ògiri, wọ́n á máa pariwo pé, "Ẹ yà o, ẹ yà o, búrékì ò sí!" Ọmọ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á wá wá bá Nọ́ọ̀sì pé orí ń fọ́ òun. Nọ́ọ̀sì mọ irú orí fífọ́ yẹn, kò sí oògùn rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àmọ́ kò sí àárọ̀ kan tí ọmọ yìí pa jẹ. Òjò ń rọ̀, ó wá. Kò ná owó kan ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́, ìgò omi ló ń gbé bọ̀ láti ilé. Nígbà tí sáà kejì fi máa parí, kílò méje ti lọ lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti dín ìbàdí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá láì dúró mí.

Ó ní, "Mà, lọ́jọ́ tí àwọn àlejò bá dé, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Mi ò fẹ́ kọ́tìnnì. Ìta gbangba ni mo fẹ́ gùn ún."

"Níṣojú gbogbo èèyàn?"

"Níṣojú àwọn tó ń pè mí ní Tírélà gan-an."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti dájú, ọmọ náà ló máa ṣíwájú.

Ọ̀sẹ̀ kan kí àlejò tó dé, ọ̀gá àgbà ní kí Nọ́ọ̀sì mú ìwé àwọn ọmọ náà wá, òun fẹ́ fi kọ ìròyìn. Látọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí ọ̀gá tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà bẹ́ẹ̀ rí. Orí rẹ̀ wú. Ó gbé ìwé náà fún un, tòun ti orúkọ, tòun ti kíláàsì, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ àlejò, ó dúró lẹ́bàá ògiri, kò rí ẹnì kan. Ó ní bóyá wọ́n ń múra ni. Àwọn àlejò mẹ́ta dé, wọ́n gbé òṣùwọ̀n sí ìta, kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó kan kíláàsì ọmọ télọ̀, Nọ́ọ̀sì wo ìlà láti orí dé ìdí, kò rí i. Ó fa mọ́nítọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Wọ́n ní kí àwọn tó sanra má wá lónìí, mà," ni mọ́nítọ̀ wí. "Igbákejì ọ̀gá ló pè wọ́n jáde lánàá, nígbà tí gbogbo wa tò síta láti máa lọ sílé. Wọ́n ka orúkọ wọn látinú ìwé yín."

"Ìwé mi? Síta, níwájú gbogbo yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ka kílò wọn pẹ̀lú." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó rántí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó kọrí sí ọ́fíìsì. Kò kan ilẹ̀kùn ọ̀gá àgbà kó tó wọlé.

"Níbo làwọn ọmọ mi wà?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra. Bí àlejò bá ń bọ̀ nílé yín, ṣé ẹ kì í gbálẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbin lẹ pe ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ẹ má sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ o. Ọjọ́ kan péré ni. Ẹ wá fọwọ́ síbí." Ó ti ìwé kan sí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kò sí ọmọ kan nínú ilé ẹ̀kọ́ náà tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ.

Itọ́ kún Nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo ojú ọkùnrin náà, ó gbé itọ́ mì. Kò fọwọ́ sí i. Ó kọjá sí yàrá tí àwọn àlejò wà, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ọ̀gá, pẹ̀lú bisikíìtì. Àwọn tó wá wo ìsanrajù o! Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n fún òun ní wákàtí kan, òun á kó àwọn ọmọ náà wá.

Obìnrin tó jẹ́ aṣáájú wọn nu ẹnu. "Mà, ohun tí a bá rí la máa ń kọ. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ń retí wa."

Ṣìọ̀! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò pa ọ̀kankan, wọ́n daṣọ bo méjèèjì. Igbákejì ọ̀gá ló fọwọ́ síwèé. Wọ́n ya àwòrán, wọ́n lọ.

Nọ́ọ̀sì gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ sínú takisí, ó di ilé télọ̀. Ó bá ìyá ọmọ náà níwájú ilé, ó ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì. Obìnrin náà dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Nọ́ọ̀sì wa! Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ bá mi bi í o. Ó ní wọ́n fún àwọn ní ìsinmi lónìí, ó wá ń sunkún láti àná. Ta ló ń sunkún ìsinmi?"

Ó padà sídìí máṣíìnì. Nọ́ọ̀sì gbé òṣùwọ̀n dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, kò dìde.

"Mo gbé e wá fún ẹ. Gùn ún, màá kọ ọ́ síwèé, màá gbé e dé àjọ fúnra mi."

"Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ fún wọn ní orúkọ wa?"

Irọ́ kan ti wà lẹ́nu Nọ́ọ̀sì, pé wọ́n jí ìwé náà ni. Kò lè sọ ọ́. "Èmi ni."

"Ẹ ní èmi, ẹ̀yin àti mọ́mì mi nìkan."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ máa gbé e lọ!" Ohùn ọmọ náà ròkè ju máṣíìnì lọ. "Mi ò gùn ún mọ́ láé!"

Máṣíìnì dákẹ́. Télọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ! Ta lò ń pariwo mọ́? Ẹni tó fi takisí gbé ẹrù wá nítorí ẹ? Bẹ̀ wọ́n kíá!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀..."

"Rárá, mà, ẹ jẹ́ kó bẹ̀ yín. Mo ní kó o bẹ̀ wọ́n!"

Ọmọ náà dìde. Kò wo ojú Nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ṣe ń sọ ọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọdé ni, ẹ má dá a lóhùn," ni télọ̀ wí. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun gan-an fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lórí ẹ̀."

Nínú gbogbo ohun tí etí Nọ́ọ̀sì gbọ́ lọ́jọ́ náà, ọpẹ́ yẹn ló kó o nírìíra jù. Ó la ẹnu pé kó ṣàlàyé, ohun tó jáde ni pé, "Kò tọ́pẹ́." Ó sì gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ jáde.