Mo Da Òróró Sórí Helmet Lẹ́nu Ihò Àwọn Awakùsà

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ọmọ mi tó bá mi sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Alessandria, ní Italy níbí, mọ̀ pé magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ̀ pé mo lẹ́nu. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń ṣèlérí fún Títí, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́tàlá, pé a jọ máa jáde. Tí Sátidé bá ti dé, mo ti gba overtime. Nígbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Tí mo bá bá a sọ Yorùbá, Italian ló fi ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan péré.

Ni school bá ní kí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ àtijọ́ kan ní Piemonte, agbègbè tá à ń gbé. Títí mú ihò tálìkì kan lórí òkè lẹ́yìn Torino, òkúta tí wọ́n ń lọ̀ di pọ́dà. Mo ní màá gbé e lọ. Mo yá camper ọ̀gá mi, mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnì. Ṣé ẹ rí mi? Mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú ẹ̀, mo wọ sunglasses. Kọ́nà kejì lórí òkè ni ọbẹ̀ ti dà sílẹ̀. Títí kàn ń wo fóònù ẹ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ihò náà rí ló ń mú èèyàn wọlé. Ó pín helmet fún wa, ó ṣí ilẹ̀kùn irin, atẹ́gùn tútù bá fẹ́ sí mi lójú.

Ẹ̀yin ará, ṣé èèyàn máa ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ inú ilẹ̀ láàyè ni? Èmi tí mo máa ń darí àdúrà! Mo yọ òróró lápò, mo da á sórí helmet mi àti ti Títí, mo ń gbàdúrà, ohùn mi ń lọ sókè. Àwọn òyìnbó tó kù ń wò mí. Títí ní, "Papà, basta," pé ó tó gẹ́ẹ́. Omi ti lé sí i lójú. Ó ní kí n lọ jókòó sínú camper, òun máa dá wọlé.

Mo ti ń yí padà nígbà tí bàbá yẹn na helmet tiẹ̀ sí mi. Ó ní kí n da díẹ̀ sí tòun náà. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láràárọ̀ làwọn máa ń fọwọ́ kan ère ẹni mímọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn tó wọlé. Bàbá òun náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, funfun báláú ló máa ń dé ilé, eruku yẹn ló sì ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́ tó fi kú. Ó ní àwọn méjèèjì ò jọ jáde rí, iṣẹ́ ni ṣáá.

Mo da òróró díẹ̀ sórí helmet ẹ̀. Mo wọlé. Mo forí gbá òkúta lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tòun ti òróró. Nígbà tá a dé àárín, bàbá ní ká pa iná tó wà lórí helmet wa, ká lè mọ bí òkùnkùn ibẹ̀ ṣe rí. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ọwọ́ kékeré kan bá di tèmi mú.

Títí ní, "Ẹ má bẹ̀rù, Dádì. Mo wà níbí."

Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ò ju pé Sátidé mi lọmọ yẹn ń bèèrè látọjọ́ yìí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ gbé ọmọ yín jáde kẹ́yìn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún ọ̀gá mi pé ọbẹ̀ ló ń rùn nínú camper ẹ̀.