Igbó Tí Tàíbátù Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣán

Nínú ẹbí Ògúnkọ̀yà ní Ìbẹ̀fún, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣeré. Ìpín yòówù tí bàbá ẹni ìbáà fi sílẹ̀, ẹni tí kò bá ro ó, ẹbí á gbà á fún ẹni tí yóò ro ó. Òfin tó dára ni, títí di ọjọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni.

Ó dé ọ̀dọ̀ Tàíbátù láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ìpín bàbá rẹ̀ ló ń dá: ata lápá òkè, ẹ̀gúsí láàárín, àti igbó kékeré kan létí odò tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Àwọn ará ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Nígbà kan tó ṣán igbó yẹn, tó sì fín oògùn koríko sí i, ẹ̀gúsí rẹ̀ tanná rẹpẹtẹ, kò so. Òdòdó ń rọ, ó ń já bọ́, kò sí oyin kan tó bà lé e. Ó sunkún lórí oko lọ́jọ́ náà. Látìgbà yẹn ló ti jẹ́ kí igbó hù padà. Yúnyun àti imí-eṣú, koríko olódòdó, gba ibẹ̀, oyin padà wá, wọ́n kọ́lé sínú ihò igi ìyeyè. Ẹ̀gúsí bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Oyètúndé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ló fẹjọ́ sun ẹbí pé Tàíbátù kò ro igbó náà. Èkó ti lé e padà wálé tìyàwó tọmọ, kò sì ní ibi tí yóò dá. Ẹ má bú u. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Baba Fálolú, olórí ẹbí, ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Baba tó dé, Oyètúndé ti gbé tánkì oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó dúró létí igbó. Oòrùn ti ń mú, oyin ti jáde, wọ́n bo orí yúnyun. Tàíbátù sáré dé ibẹ̀. Bí oògùn yẹn bá bà wọ́n báyìí, ó parí.

“Oyètúndé, dúró de Baba.”

“Àǹtí, ilẹ̀ tí ẹ kò ro, kí ni Baba tún fẹ́ wò níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi.”

Kò yà. Ó rìn wọnú igbó, ó dúró sáàárín òdòdó, oyin ń kùn yí orí rẹ̀ ká. Ẹ̀rù ń bà á, kì í sì í ṣe oyin ló ń bà á lẹ́rù.

“Ó yá, fín in. Èmi ni kí o kọ́kọ́ fín.”

Oyètúndé fa pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kan. Oògùn ta sí ìdí yúnyun tó wà létí, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ó tún gbé ọwọ́ sókè.

“Oyètúndé! Sọ ọ́ kalẹ̀!”

Baba Fálolú ti dé. Ó wo igbó, ó wo Tàíbátù, ó gbọ́ àlàyé rẹ̀ nípa oyin.

“Mo gbọ́ tìrẹ, mo gbọ́ toyin rẹ. Ṣùgbọ́n òfin ilé wa kò yọ oyin sílẹ̀. Ọmọ yìí gbọ́dọ̀ ríbi dá. Ro ó lónìí, tàbí kí o yọ̀ǹda rẹ̀ fún un.”

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

“Baba, ẹ fún un ní ibi tí mo ti ro. Ẹ fún un ní ibi ata.”

Oyètúndé yanu. Ata náà ti ń pọ́n. Òun ni Tàíbátù ń kó lọ tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun ló ń bọ́ ọ kí ẹ̀gúsí tó gbó.

“Tòun ti ata orí rẹ̀?” Baba bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Ata á tún hù níbòmíràn. Bí oyin bá lọ, n kò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀ wọ́n wá.”

Baba gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí Oyètúndé lọ gé pẹ̀rẹ̀gún wá, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín yí igbó náà ká. Ilẹ̀ tí pẹ̀rẹ̀gún bá yí ká, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò sẹ́ni tó ni ín mọ́.

Tàíbátù jókòó sábẹ́ ìyeyè, ó ń wo ata rẹ̀ tó ti di ti ẹlòmíràn. Ó dùn ún wọra. Nígbà tí Oyètúndé gbin pẹ̀rẹ̀gún tán, ó gbé tánkì rẹ̀, ó lọ wo oko tuntun. Kò pẹ́ tó fi pariwo.

“Àǹtí, oyin yín ti kún orí òdòdó ata o!”

“Ata ta ni?” Tàíbátù bi í.

 Oyètúndé wo àwọn oyin náà, ó wo tánkì ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé e jìnnà sí ibẹ̀.