Ọ̀nà tí Mo Là fún Àbúrò Mi ní Ẹ̀bá Àyè Sójà

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síta, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akínkanjú obìnrin ni mí torí pé iṣẹ́ bàálù ni mò ń ṣe. Mi ò wa bàálù rí. Èyí tí mo wọ̀ gan-an kò pọ̀, ìgbà tí mo sì wọ̀ ọ́, mo di àga mú títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Inú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Ìkòsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tèmi, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, fáànù, àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó ń rò.

Èmi ni mo máa ń la ọ̀nà fún àwọn bàálù kéékèèké tí ilé iṣẹ́ wa fi ń gbé èèyàn kiri. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan fẹ́ lọ sí ìlú kan ní Òkè Ọya, màá wo ojú ọjọ́, màá wo epo, màá wo òkè tó wà lọ́nà, kí n tó sọ fún páìlọ́ọ̀tì pé ibí ni kó gbà. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé òfurufú ṣí sílẹ̀ gbayawu, pé ibi tó bá wu onítọ̀hún ló ń gbà. Irọ́ ni o. Ọ̀nà wà lókè bó ṣe wà nílẹ̀, ó ní ìkòríta, ìkòríta kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ. Nígbà òjò, tí ìkùukùu bo gbogbo ibi, páìlọ́ọ̀tì ò rí ilẹ̀, kò rí ọ̀run, àwọn aago tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ìlà tí mo bá fà fún un nílé ló ń tẹ̀ lé lọ́hùn-ún. Tí mo bá fà á gba inú òkè, inú òkè náà ni yóò lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í lè jẹun tí bàálù kan bá wà lókè tí èmi la ọ̀nà fún. Omi pàápàá kì í lọ.

Ohun tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni àyè sójà. Lórí mápù wa, wọ́n fi ìlà pupa yí àwọn ibì kan ká. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ogun òfurufú ti ń kọ́ ìjà jíjà, wọ́n ń yìnbọn látòkè sílẹ̀, wọ́n ń yìn ín látilẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́, bàálù ẹlòmíì ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀, àfi kó gba ẹ̀gbẹ́ yí i ká. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń gba ẹ̀bá ìlà pupa náà gan-an, torí epo. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Màá sún sẹ́yìn, màá tún sún sẹ́yìn. Ọ̀gá mi ní mò ń jó epo òun bí ẹni pé bàbá mi ló ni ilé epo.

Bàbá mi ò nílé epo. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló jẹ́ kí n máa sún sẹ́yìn. Mo kéré nígbà yẹn, oyún àbúrò mi ṣì wà nínú Mọ́mì. Èmi àti bàbá mi ń ti Ògùdù bọ̀ nínú mọ́tò rẹ̀. Ọkọ̀ sójà kan bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kẹ́tu, wọ́n wá já ẹ̀ka igi sílẹ̀ káàkiri láti fi lé èèyàn sẹ́yìn. Bàbá mi ò tètè rí i. Táyà wa gun ẹ̀ka igi kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fà á bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sínú gọ́tà, kó nawọ́ sókè, lójú gbogbo èrò. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí bàbá mi lè bí, gbá a létí. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, ẹ̀gbẹ́ òsì la máa ń dúró sí ká tó bá a sọ̀rọ̀, torí etí ọ̀tún ti lọ. Nígbà tó padà sínú mọ́tò, tí omi gọ́tà ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí n má sọ fún ìyá mi, ó sì ní ibi tí sójà bá wà, kí n má gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ láéláé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé fún àbúrò mi. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Mọ́mì ń ta tòmátò àti ata alápẹ̀rẹ̀ ní Mile 12, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń nà án, kì í sì í já mi ní koro. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ bàálù, tó wọ ilé iṣẹ́ wa, mo sọ ìdí oúnjẹ di ilé ẹ̀kọ́. Kò ní jẹun tán kí n má bi í léèrè. Bí ìjì bá wà níwájú ńkọ́? Á ní òun á padà sẹ́yìn. Bí epo bá ń lọ sílẹ̀ ńkọ́? Á ní òun á balẹ̀ sí pápá tó bá sún mọ́ òun jù. Àyè sójà ńkọ́? Á ní láéláé. Bó bá ti sọ láéláé yẹn, màá bu ẹran kan lé oúnjẹ rẹ̀. A wá sọ ọ́ di eré láàárín ara wa. Kí n tó la ẹnu tán, á ti sọ láéláé, á sì ti na abọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ń gbé dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan lọ sí Òkè Ọya, òun nìkan ni páìlọ́ọ̀tì. Ìgbà òjò ni. Ìkìlọ̀ ti wá pé àwọn sójà máa wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Níbì kan lójú ọ̀nà rẹ̀, òkè ńláńlá wà lápá òsì, àyè sójà wà lápá ọ̀tún, àlàfo kan sì wà láàárín wọn. Inú àlàfo yẹn ni mo fa ìlà rẹ̀ gbà. Mo wo ojú ọjọ́, mo tún un wò. Ìkùukùu wà, òjò wà, kò sí ìjì. Mo fi ọ̀nà náà ránṣẹ́ sí i, ó dá mi lóhùn pé ẹ ṣé, Àǹtí, ó sì gbéra.

Mọ́mì dé láti ọjà lọ́sàn-án, ó kírun, ó na ẹsẹ̀ sórí àga nínú pálọ̀. A kì í sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà lókè. Ó di ìgbà tó bá balẹ̀ ká tó sọ ọ́, òun náà kì í bèèrè. Bí a ṣe ń gbé e nìyẹn. Mò ń wo bàálù náà lójú kọ̀ǹpútà, àmì kékeré kan tó ń rọra fà lọ lórí ìlà mi, mo sì ń bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ ọjà láti inú yàrá. Ó ní òjò ti ba tòmátò jẹ́ lójú ọ̀nà, pé àpẹ̀rẹ̀ tó dáa ò pọ̀ nínú ọkọ̀. Mo ní Ọlọ́run á ṣe é.

Àwòrán òjò tuntun wá jáde. Ìjì kan ti ń ga nínú àlàfo náà, ó jókòó sórí ìlà tí mo fà gan-an. Mo ní kò burú, á padà sẹ́yìn bí mo ṣe kọ́ ọ. Àwòrán mìíràn tún jáde, ìjì kejì ti dí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàálù kékeré bẹ́ẹ̀ ò lè ga kọjá ìjì, kò sì lè yà sí òsì, torí àwọn òkè wà nínú ìkùukùu níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Apá ọ̀tún ni, inú àyè sójà.

Òfin iṣẹ́ wa ò fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, páìlọ́ọ̀tì lè fi rédíò sọ fún àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ pé òun ti há, kó sì gba ibikíbi tó bá lè gbà á là, ìbáà jẹ́ àárín sójà. Àwọn adarí yẹn ni yóò pe àwọn sójà pé kí wọ́n dáwọ́ ìbọn dúró. Mo mọ òfin náà. Wọ́n kọ́ àbúrò mi náà nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fi bi í léèrè rí nídìí oúnjẹ, torí mi ò fẹ́ kó wá sí i lọ́kàn pé ó ṣeé ṣe.

Mo pe ọ̀gá mi. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé àwọn adarí ń bá a sọ̀rọ̀, pé wọ́n sì ti bá àwọn sójà sọ ọ́. Mo ní ṣé ó ti yà sí ọ̀tún? Ó ní kò tíì yà. Mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rí, ẹ̀rù wá túbọ̀ bà mí. Mo wo kọ̀ǹpútà. Àmì náà ń fà sí òsì díẹ̀díẹ̀, ó ń sá fún ìlà pupa, ó ń wọnú ìjì lọ.

“Ẹ bá mi sọ fún wọn,” ni mo wí, “kí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó wọ àyè sójà. Kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ ní kó o wọ ibẹ̀.”

Ọ̀gá mi ní ṣé orí mi pé, ta ló máa ń bá Àǹtí ẹnì kan jíṣẹ́ lórí rédíò bàálù. Síbẹ̀ ó ní òun á gbìyànjú, ó sì gé fóònù. Nígbà tí mo padà wojú kọ̀ǹpútà, àmì náà ti pòórá. Ó máa ń pòórá lápá ibẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé e wá ò dé gbogbo ibi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mímọ̀ yẹn ò ràn mí lọ́wọ́.

Mo yíjú, Mọ́mì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀súbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ọmọ òun ni. Mo ní òun ni. Mo ṣàlàyé fún un, ọ̀rọ̀ ń kọlu ara wọn lẹ́nu mi, pé ibi tó lè gbà kó yè ni ibi tí mo ní kó má gbà láéláé. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

“Á gbọ́ tìẹ,” ló wí. “Ọmọ yẹn ò kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ lẹ́nu rí.”

Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Ohun tó mọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ ló sọ. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá mi wà nínú gọ́tà. Mo pe ọ̀gá mi, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu géètì, mo tún gòkè. Ìyá ìsàlẹ̀ kí mi, mi ò dáhùn, títí di òní ó rò pé mo gbéraga sí òun. Mọ́mì ń ka tẹ̀súbà. Àdúrà tèmi ò gùn. Mo bẹ Ọlọ́run pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kí àbúrò mi já mi ní koro.

Ó pẹ́ kí fóònù tó dún. Nọ́ńbà rẹ̀ ni.

“Àǹtí, mo ti balẹ̀,” ló wí. Mọ́mì gbọ́ ohùn rẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní ṣé kò fara pa? Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo wọ ibẹ̀.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí. Kó tó dé ibi ìjì rárá, àwọn adarí ti sọ fún un pé àwọn sójà ti dáwọ́ ìbọn dúró, pé kó yà sí ọ̀tún. Ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ó ní rárá. Wọ́n tún sọ fún un, ó tún ní rárá. Ó wọnú ìjì. Ìjì náà gbé bàálù sókè, ó jù ú sílẹ̀, àwọn aago iwájú rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè kà wọ́n. Orí dókítà gbá òrùlé, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ló tó yà. Kò sẹ́ni tó jíṣẹ́ mi fún un. Sójà kan bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé kó máa bọ̀ jẹ́jẹ́, pé kò sẹ́ni tó máa ṣe é ní nǹkan kan.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò yà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó yà. Mo ní ṣé ẹ̀rù àwọn sójà ló bà á ni.

“Ẹ̀rù sójà ò bà mí, Àǹtí,” ló wí. “Ẹ̀rù yín ló bà mí.” Ó tún bi mí pé, “Ṣé ẹ ń bínú?”

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, tí mo ní èsì fún ọ̀gá mi àti fún gbogbo Ìkòsì, fóònù ni mo kàn dì mú gírígírí. Mọ́mì gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó sọ fún un pé mi ò bínú. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú fóònù, ó ń bèèrè bóyá òótọ́ ni, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi.