Ẹkún Ìyá Akin Tó Wà Nínú Gíláàsì Mi

Àárọ̀ ọjọ́ tí lẹ́tà lọ́yà dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́, ọyẹ́ ti bo gbogbo ìlú, àwọn èèyàn ń yọ jáde nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti ojú àlá. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní mo fi àwòrán ba ìdílé kan lórúkọ jẹ́ ní Oǹdó. Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín!

Àwa onífọ́tò àtijọ́ máa ń ní àpótí gíláàsì kan lẹ́nu ọ̀nà. Àwòrán tó bá dùn ún wò jù la máa ń tò síbẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń ní, "Ọjà tí o kò bá pàtẹ, ta ni yóò rà á?" A kì í béèrè lọ́wọ́ oníbàárà kí a tó gbé ojú rẹ̀ síta. A rò pé à ń yẹ́ wọn sí ni.

Ìyá Akin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Oǹdó, ló wà láàárín gíláàsì tèmi. Èmi ni mo ya ìgbéyàwó Akin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ọmọ náà tó jáde nílé lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá fẹ́ ṣàdúrà, ohùn kò jáde, omijé ayọ̀ ló ń dà wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Mo tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e síta, mo gé Akin kúrò, ojú ìyá nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ó rẹwà, ẹ má purọ́ fún mi.

Ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ aláàánú kan wá dúró níwájú gíláàsì náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àwòrán náà wọ òun lákínyẹmí ara, ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Orí mi wú. Mo fi ránṣẹ́, n kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ohun tó fi ṣe rèé: pósítà káàkiri Oǹdó, ojú Ìyá Akin gàdàgbà, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ bíbí inú rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣàánú rẹ̀."

Mo wọ ọkọ̀ lọ bẹ Ìyá Akin ní Oǹdó. Gàrí, ọṣẹ àti iyọ̀ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi ta á lọ́rẹ ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí Akin tó doríkodò lórí àga. Akin tó ń wá wo ìyá rẹ̀ ní gbogbo Sátidé! Wọ́n ti ń tutọ́ sílẹ̀ tó bá ń kọjá. Ó ní òun kò ní tẹ Oǹdó mọ́. Irọ́ náà ti fẹ́ di òótọ́.

Mo ní, "Mà, mi ò kọ nǹkan kan o. Àwòrán yẹn kò sì purọ́."

"Lọ́yà ti là á yé mi," ìyá dáhùn. "Ojú mi, tèmi ni. O gbé e fún ẹni ẹlẹ́ni láìbi mí. Òun náà wá fi parọ́ mọ́ ọmọ mi. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe é."

Ìtìjú bò mí. Mo dọ̀bálẹ̀. "Kí ni kí n ṣe, mà?"

"Mi ò fẹ́ owó rẹ. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Wá sọ ohun tí o rí."

Ẹgbẹ́ náà bó pósítà kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n ẹnu ayé kò ṣeé dí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá bẹ Akin kó bá òun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà sì fún mi láyè lẹ́yìn ìkéde. Mo gbé odindi àwòrán náà sókè, ti Akin tó wà nílẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Ẹkún ayọ̀ ló ń sun. Ọmọ rẹ̀ nìyí, èmi ni mo gé e kúrò."

Bàbá àgbà kan dìde, ó rọra rìn lọ bọ Akin lọ́wọ́. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e.

Ìyá Akin bú sẹ́kún. Ojú rẹ̀ dára ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ. Ọwọ́ mi ti dé ara kámẹ́rà kí n tó mọ̀. Ojú èmi àti ìyá ṣe mẹ́rin.

"Mà," mo ní, "ṣé kí n yà á?"

"Rárá," ó ní, ó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Mo dá kámẹ́rà padà sínú àpò.