Wọ́n Ní Obìnrin Ilé Wa Kì Í Gbàgbé

Ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni wọ́n bá lára bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n iyè bàbá mi nìkan ló ra.

Ìdí kòkó ló ti bẹ̀rẹ̀, lóko wa ní Òdìgbó. Kòkó tí a bá fọ́, abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ la máa ń bò ó mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó sá a. Bàbá mi, tó kọ́ ìdajì àwọn ọ̀dọ́ Aráròmí-Obù níṣẹ́ kòkó, sá tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó fọ́ ọ. Ìyá mi kó o padà, ó sì bò ó. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá ń bọ̀, ìyá mi á ti máa pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Àbúrò yín láti Ajue ti dé o!" Kí ọkọ rẹ̀ lè mọ ẹni tó fẹ́ kí ni. Mo kórìíra ariwo yẹn. Bàbá ti wà ní sàréè báyìí, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ga ju ti bàbá lọ, síbẹ̀ ó ṣì rántí ẹni tó gbé ìkòkò wá síbi ìgbéyàwó mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Obìnrin ilé wa kì í gbàgbé, àgàgà ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ." Nígbà tí wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára èmi náà, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ọ̀rẹ̀ ló já a gbà lọ́wọ́ mi. "Mà, ó jọ pé nǹkan kan nínú ara obìnrin ló ń dáàbò bo iyè rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rí nǹkan oṣù. Bó bá dáwọ́ dúró, ààbò náà lè lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àwọn onímọ̀ gan-an kò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán. Ẹ ṣáà máa lo oògùn yín."

Tèmi ti dáwọ́ dúró. Inú bí mi sí ìyá mi, àfi bí ẹni pé òun nìkan ló jẹ oríire wa tán.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ kí i. A wọ Òdìgbó, ọlọ́kadà bi mí pé, "Màmá, àdúgbò wo lẹ ń lọ?"

Mo rí ilé wa lọ́kàn mi. Mo rí igi máńgòrò iwájú rẹ̀. Orúkọ àdúgbò tí wọ́n bí mi sí kò wá sẹ́nu mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kó sọ̀ mí kalẹ̀ níbẹ̀, mo san owó rẹ̀, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ìyá mi wà lọ́dẹ̀dẹ̀. "Kí ló dé tí o ń rìn nínú oòrùn yìí?"

"Mo ní kí n nasẹ̀ díẹ̀ ni, Màámi."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ohun tí bàbá rẹ náà sọ fún mi nìyẹn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣìnà ilé."