Eruku Ìrókò Tó Gba Àwẹ̀ró Lọ́wọ́ Mi

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi àti ẹ̀yin kápẹ́ńtà ẹlẹgbẹ́ mi, kí n ro ohun tí ojú mi rí fún yín. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi. Mo rò pé bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ ni yóò máa fúyẹ́, àmọ́ ṣe ló ń wúwo sí i.

Ràímì ni orúkọ mi, ọmọ Ọ̀fà ni mí. Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí réluwé dé Ọ̀fà, tí wọ́n kọ́ títẹ̀ṣọ̀n, tí iṣẹ́ wá pọ̀ nílé ju bó ṣe pọ̀ lájò lọ, mo kó irinṣẹ́ mi, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di ilé. Kí ni mo tún ń wá lẹ́yìn odi?

Mi ò sì ṣófo wálé o! Mo gbé ẹ̀rọ kan bọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Ẹ̀rọ tí a fi ń dán igi ni. Ṣé ẹ ti rí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí? Bẹ́ẹ̀ ló rí nísàlẹ̀. Àmọ́ lókè, níbi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ wà, kẹ̀kẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tí a lẹ sáńpépà mọ́ lójú, ìyẹn bébà tó ní yanrìn lára. Bí o bá ṣe ń tẹsẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ á máa yí. Wàá fi igi kàn án, á máa kùn wùùù, igi á sì dán bíi dígí. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta wá di iṣẹ́ àárọ̀ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tí mo gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀gá mi ní Èkó gbé e fún mi. Ó kìlọ̀ fún mi dáadáa. Ó ní kí n má lò ó nínú ilé tó há láéláé. Ó ní kí n máa fi aṣọ tútù bo imú àti ẹnu. Ó ní ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ aṣọ tí apá rẹ̀ fẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ má baà wọ́ ọ. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Lóòótọ́ ni mo gbọ́. Gbígbọ́ lọ́tọ̀, ṣíṣe lọ́tọ̀!

Àwẹ̀ró ni ìyàwó mi, ọmọ Òjòkú. Kí ẹ̀rọ yẹn tó dé, òun ló máa ń fi ewé ìpín bá mi dán igi, ewé tó ń họ ni lọ́wọ́ bí ahọ́n ológbò yẹn. Á rẹ ewé sínú omi, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa dán igi, á sì máa kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá. Tó bá ṣe tán, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi náà, á dijú. Ó ní ọwọ́ a máa parọ́ fún èèyàn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í parọ́.

Nígbà tó rí ẹ̀rọ náà, ṣe ló pàtẹ́wọ́. Kò tó ọjọ́ méjì tó fi mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ. Mi ò níí fi ìyẹn pamọ́.

Àwọn èèyàn wá ń wòran. Kápẹ́ńtà kan láti Ìjàgbó wá kí mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kí èèyàn tó bẹ́ẹ̀? Lẹ́ẹ̀kẹta, mo bá a níbi tó ti ń fi ìka wọn kẹ̀kẹ́. Inú bí mi. Mo mọ̀ pé tí n bá fi í sílẹ̀, oṣù kan ò ní pé tí yóò fi ṣe tirẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbé ẹ̀rọ wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo fi ìṣó kan fèrèsé pa. Mo fi àpò dí gbogbo àlàfo ara ilẹ̀kùn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iṣẹ́ ńlá dé. Wọ́n ń kọ́ kóòtù. Akọ̀wé òyìnbó wá bá mi, ó ní ilẹ̀kùn mẹ́jọ ni wọ́n fẹ́, ìrókò pọ́ńbélé, kó sì parí kí Ajẹ́lẹ̀ tó dé. Inú mi dùn débi pé mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ràímì tí wọ́n ń pè ní ọmọ ẹlẹ́ran, òun ni yóò ṣe ilẹ̀kùn kóòtù!

A pín iṣẹ́. Èmi ń la pákó lábẹ́ igi ọ̀dán tó wà níwájú ilé, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lára. Àwẹ̀ró wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń dán an. Ṣé ó yé yín báyìí? Ìta ni èmi wà. Inú ibi tí mo kàn pa ni òun wà.

Tó bá jáde lọ́sàn-án, gbogbo ara rẹ̀ á ti gba àwọ̀ ìrókò, títí kan irun ojú rẹ̀. Rábì ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, á máa fi ìka ya nǹkan sí ìyá rẹ̀ lápá. Àwa méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín la fi ń wò ó!

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ bí eré. Imú ń ṣomi, ojú ń yún un. Mo ní òtútù ni. Ìyá mi po àgbo fún un, ó mu ún, ikọ́ ò lọ. Ó wá di pé tó bá dùbúlẹ̀, àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè.

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ló pè mí.

"Bàbá Rábì, ẹ ò ṣàkíyèsí nǹkan kan? Ọjọ́ Jímọ̀ tí a kì í ṣiṣẹ́ nìkan ni mo ń rí oorun sùn. Tó bá ti di Àbámẹ́ta tí mo padà sídìí ẹ̀rọ, àyà mi á tún há."

Mo ní, "Ara rẹ ló ń béèrè ìsinmi. Jẹ́ ká parí iṣẹ́ yìí ná, wàá sinmi títí."

Wàá sinmi títí! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde.

Ìyá mi ní tiwọn ní ìrókò kì í ṣe igi lásán. Wọ́n ní ó ní àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn ni inú ń bí. Wọ́n ní kí n ṣe sàráà. Mo ṣe é. Mo pe àwọn àlùfáà, wọ́n ṣàdúrà. Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ àwọn ará inú igi yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ló dé? Torí pé tó bá jẹ́ àwọn ni, kì í ṣe èmi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ń wá sí mi lọ́kàn, mo sì ń tì í sẹ́yìn.

Nígbà tí Àwẹ̀ró ò wá lè gun òkè títẹ̀ṣọ̀n láìdúró mọ́, ìyá mi ní kó lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Òjòkú. Ó mú Rábì dání. Èmi nìkan wá ń ṣe iṣẹ́ náà, mò ń lọ, mò ń bọ̀, kò yá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilẹ̀kùn méjì ló kù. Ajẹ́lẹ̀ ò ní pẹ́ dé mọ́. Mo lọ sí Òjòkú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo Àwẹ̀ró lọ́jọ́ náà! Ó ń gún iyán. Ẹni tí kò lè gun òkè, ó ń gún iyán, ó tún ń bá àbúrò rẹ̀ ṣàwàdà! Ara rẹ̀ ti yá, ikọ́ ti lọ pátápátá. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ kí n dúpẹ́, kí n yí padà. Àmọ́ ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, ó ti yá, iṣẹ́ á parí.

Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n sún mọ́ mi.

Wọ́n ní, "Ràímì, kí ló ń ṣe ọmọ mi ní Ọ̀fà tí kì í ṣe é níbí?"

Mo ní, "Bàbá, òtútù ni. Ó ti lọ báyìí."

Wọ́n yíjú sí i. "Àwẹ̀ró, ṣé o fẹ́ bá a lọ?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ, bàbá. Ilẹ̀kùn méjì péré ló kù. Tí n bá ti ṣe é tán, èmi àti Rábì á tún wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ yín."

Ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, torí pé kò ní pẹ́ padà. Bó ṣe sọ nìyẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó parí ilẹ̀kùn kan. Ó wúkọ́ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a ò kà á sí. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo wà lábẹ́ igi tí mò ń la pákó, ni mo gbọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́. Mo rò pé ó ti ṣe tán. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo tún fa ayùn bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ gbọ́ mi? Mo ṣì ń fa ayùn!

Nǹkan kan wá ṣubú gbì nínú yàrá.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, eruku ò jẹ́ kí n rí ọwọ́ ara mi. Ìdí fèrèsé ni mo ti bá a. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di pátákó fèrèsé mú, ó ń fà á. Ìṣó tí mo kàn ò gbà fún un.

Mo gbé e jáde sábẹ́ igi. Mo ń pariwo pe ìyá mi. Wọ́n gbé omi gbígbóná wá, wọ́n gbé àdí wá, wọ́n ń fi pa á láyà. Kò lè dùbúlẹ̀, mo fi àyà mi gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Atẹ́gùn wà níta, ó pọ̀, ó ń mi ewé lókè orí wa. Kò rí i fà wọlé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. Mo tẹ etí sílẹ̀.

Ó ní, "Ìsàlẹ̀... ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì dán."

Ilẹ̀kùn ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ìyàwó mi bá mi sọ láyé nìyẹn. Wọn ò tíì pe ìrun Àsárì tó fi dákẹ́. A sin ín lọ́jọ́ náà, bí àṣà wa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá rẹ̀ dé láti Òjòkú. Wọn ò sunkún, wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n fi ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ han àwọn. Mo mú wọn wọ yàrá. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wo àpò tí mo fi dí ara ilẹ̀kùn, wọ́n wo orí ìṣó. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n fi ìka kan ra igi àjà. Eruku tó bá ìka yẹn wálẹ̀ nípọn bí ìrẹsì tí wọ́n lọ̀.

Wọ́n ní, "Ibi tí ọmọ mi ń mí sí nìyí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé nítorí kápẹ́ńtà Ìjàgbó ni?

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn kóòtù lọ. Akọ̀wé ní Ajẹ́lẹ̀ yìn ín. Rábì ń gbé Òjòkú di òní, mo máa ń lọ wò ó lọ́jọ́ ọjà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ó bi mí pé ṣé màmá òun ò tíì ṣe ilẹ̀kùn tán ni.

Ọ̀pọ̀ oṣù ni mi ò fi fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn. Mo fẹ́ fi àáké fọ́ ọ. Ìyá mi ló dá mi dúró. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò kan fèrèsé pa, èèyàn ló kàn án pa. Òótọ́ ni. Níta gbangba ló wà báyìí, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá wò ó, kápẹ́ńtà Ìjàgbó náà ti wá ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo fi bí wọ́n ṣe ń lẹ sáńpépà hàn án, mo sì so aṣọ tútù mọ́ ọn nímú kí n tó jẹ́ kó tẹsẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ará iṣẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ò le. Eruku igi kì í ṣe nǹkan eré. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ ti máa dán igi, kí ẹ yí ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, kó máa gbé eruku lọ kúrò lójú yín. Ẹ bo imú. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Bí ikọ́ bá ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi, tó ń padà wá lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ má ṣe wá ẹlòmíràn tí ẹ máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù, iṣẹ́ náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ dáwọ́ dúró. Òyìnbó á dúró de ilẹ̀kùn. Tí kò bá dúró, kó gba inú ilé tí kò nílẹ̀kùn wọlé!

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ìwọ tó ń lọ irin, ìwọ tó ń gé òkúta fún réluwé, ìwọ tó ń gbọn òwú, kí ni ojú tìẹ rí? Kọ ọ́ ránṣẹ́, tàbí kí o sọ ọ́ níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wà, kí wọ́n lè gbọ́. Má jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Ìtìjú ló pa èmi náà lẹ́nu mọ́. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè ohun tó pa Àwẹ̀ró, ibà ni mo máa ń sọ.

Ibà kọ́.